Iyọ̀ Ló Mú Ọṣẹ Ki, Iyọ̀ Náà Ló Tún Mú Un Ṣàn

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọṣẹ olómi ni mo ń pò tà n'Íbàdàn, ó ti wọ ọdún kẹta báyìí. Nítorí pé Nitrosol, ìyẹ̀fun tí a fi ń mú ọṣẹ ki, ti wọ́n jù, ẹnì kan ní kí n máa fi iyọ̀ ìsebẹ̀ mú ọṣẹ mi ki. Fún 25 lítà, mo ń lo sulphonic acid kílò kan tí mo fi kọ́sítíìkì 125 gíráàmù pa oró rẹ̀, Texapon kílò kan, SLS 250 gíráàmù, sódà áàṣì ìdajì kílò, àti STPP, ìyẹ̀fun tó ń tún omi ṣe, 250 gíráàmù. Mo da iyọ̀ ìdajì kílò sí i, ó ki bí oyin. Mo ní tí ìdajì kílò bá lè ṣe báyìí, kílò kan á jẹ́ kó dà bí ẹ̀kọ gbígbóná. Mo da ìdajì yòókù sí i. Ọ̀gá, ó di omi! Èyí tí mo ti bù sọ́tọ̀ nígbà tó ṣì ki, mo da lọ́fínńdà sí i, òun náà ṣàn. Ṣé ayédèrú iyọ̀ ni? Àbí kí n da gbogbo rẹ̀ nù?"

Ẹ má dà á nù o, ìyá wa. Iyọ̀ yín kì í ṣe ayédèrú, Texapon yín náà kò ní àléébù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ gun òkè kan débi téńté rẹ̀, ẹ kò mọ̀ pé téńté ni ẹ wà, ẹ tún gbẹ́sẹ̀ síwájú, ẹ sì bá ara yín ní ìsàlẹ̀ òdìkejì. Iyọ̀ tó gbé yín gòkè náà ló gbé yín sọ̀. Bí ẹ ó ṣe padà gùn ún kò le, màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú omi ọṣẹ náà, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á kàn máa da nǹkan lu nǹkan ni, bí ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́.

Ẹ rántí légbénlègbé inú adágún omi: orí róbótó kan, ìrù gígùn kan. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mólékù ohun tó ń mú ọṣẹ hó ṣe rí, ì báà jẹ́ ti Texapon, ì báà jẹ́ ti SLS, ì báà jẹ́ ti sulphonic acid tí ẹ ti pa oró rẹ̀. Orí rẹ̀ fẹ́ràn omi. Ìrù rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá, kò fẹ́ rí omi sójú. Tí ẹ bá da díẹ̀ péré sínú omi, púpọ̀ nínú wọn á sá lọ sí ojú omi kí wọ́n lè na ìrù sínú afẹ́fẹ́. Tí ojú omi bá wá kún, kò sí ibi tí wọ́n tún fẹ́ sá sí mọ́. Wọ́n á kó ara wọn jọ lágbo, gbogbo ìrù á kọjú sínú, gbogbo orí á kọjú síta sí omi. Agbo yìí ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń pè ní mísẹ́lì. James McBain, tó ń kọ́ni ní Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé èrò náà jáde ní 1913. Tí SLS nìkan bá wà nínú omi, agbo ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá fi díẹ̀ lé ní gíráàmù 2 nínú lítà kan, nǹkan bí 60 mólékù ló sì ń wà nínú agbo kọ̀ọ̀kan. Agbo náà kéré débi pé bí ẹ bá tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, nǹkan bí 250,000 ni yóò gba mílímítà kan.

Agbo róbótó kì í mú omi ki. Ẹ da ìlẹ̀kẹ̀ tó já kúrò lórí okùn sínú igbá, kí ẹ yí igbá náà: ìlẹ̀kẹ̀ á máa yí gbirigbiri, kò sí èyí tó di ẹnì kejì rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sín ìlẹ̀kẹ̀ kan náà sórí okùn gígùn mẹ́wàá, tí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú igbá tí wọ́n sì lọ́ mọ́ra, tí ẹ bá fa ọ̀kan, mẹ́sàn-án yòókù á tẹ̀ lé e. Iye ìlẹ̀kẹ̀ kò yàtọ̀. Bí wọ́n ṣe tò ló yàtọ̀. Gbogbo àṣírí ọṣẹ olómi tó ki wà níbẹ̀: ẹ lè mú ọṣẹ yín ki láìfi ẹyọ gíráàmù Texapon kan kún un, bí ẹ bá ti lè mú kí agbo róbótó di agbo gígùn bí ekòló.

Iṣẹ́ tí iyọ̀ ń ṣe nìyẹn. Orí àwọn légbénlègbé wa yìí ní iná mànàmáná kékeré lára, irú kan náà sì ni gbogbo wọn ní, nítorí náà wọ́n ń ti ara wọn sẹ́yìn bí ìgbà tí ẹ bá gbé ẹ̀gbẹ́ kan náà òòfà méjì kojú ara wọn. Bí orí ṣe ń ti orí, olúkúlùkù ń fẹ́ àyè púpọ̀, agbo tó sì máa fún orí ní àyè jù lọ ni èyí tó rí róbótó. Sódíọ̀mù inú iyọ̀ ní iná òdìkejì. Tí ẹ bá ti da iyọ̀ sí i, sódíọ̀mù á wá dúró láàárín àwọn orí náà bí alárinà, ìjà á rọlẹ̀, orí á sún mọ́ orí. Nígbà tí orí kò bá gba àyè púpọ̀ mọ́, agbo kò lè rí róbótó mọ́, yóò gùn. Ní 1976, Jacob Israelachvili àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Mitchell àti Ninham, kọ ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀: ẹ fi àyè tí orí ń gbà wé bí ìrù ṣe tóbi tó àti bó ṣe gùn tó. Tí orí bá gba àyè gan-an, agbo á rí róbótó. Tí àyè orí bá dín kù, agbo á gùn bí ekòló. Tó bá tún dín kù sí i, wọ́n á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní.

Àwọn ekòló yìí kò nípọn ju agbo róbótó lọ, àmọ́ wọ́n lè gùn ju bí wọ́n ṣe nípọn lọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlọ́po. Wọ́n á lọ́ mọ́ra wọn, ọṣẹ á ki, á sì máa fà. Mo mọ̀ pé ọkàn yín á ti lọ sí ewédú báyìí. Ó jọ ọ́ lóòótọ́, torí okùn tó gùn tó sì lọ́ mọ́ra ló ń mú ewédú náà fà. Ìyàtọ̀ ńlá kan wà níbẹ̀: okùn inú ewédú tí ìjábẹ̀ bá já ti já nìyẹn, kò ní tún ara rẹ̀ so. Ekòló inú ọṣẹ ń já, ó ń so, ó tún ń já, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Michael Cates kọ ìṣirò ìjá-àti-ìso yìí ní 1987. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè fi omorógùn ro ọṣẹ láti àárọ̀ di alẹ́, kó sì padà ki bí ẹ bá ti gbé omorógùn kúrò.

Tí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí ekòló náà, ẹ mú ìgò ọṣẹ yín tó ki, tí afẹ́fẹ́ kéékèèké wà nínú rẹ̀. Ẹ yí i lójijì kí ẹ sì dá a dúró. Ẹ wo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀: lẹ́yìn tí ìgò bá ti dúró, á sún padà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó dúró jẹ́ẹ́, bí rọ́bà tí wọ́n fà tí wọ́n sì fi sílẹ̀. Oyin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń fà padà yẹn ni okùn tó lọ́ mọ́ra.

Kí ló wá dé tí ìdajì kílò kejì fi bà á jẹ́? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbà gbọ́, èmi náà pẹ́ kí n tó gbà á nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́. Bí iyọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i, orí ń sún mọ́ orí ju bó ṣe yẹ lọ, ekòló á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ̀ka. Ẹnikẹ́ni á rò pé tí okùn bá pẹ̀ka tó so kọ́ra bí àwọ̀n apẹja, ńṣe ni ọṣẹ á le sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀, torí oríta tí ẹ̀ka ti yà nínú ọṣẹ kì í ṣe kókó tí wọ́n ta. Ó lè rìn. Ẹ̀ka igi kò lè sún láti ìdí igi lọ sí orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ti inú ọṣẹ ń sún lọ sún bọ̀ lára ekòló láìsí ìdíwọ́. Nígbà tí ẹ bá fa irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀, ńṣe ni oríta náà á kàn sún sí ibi tí ẹ fà á sí, ìfàmọ́ra á tú, ọṣẹ á ṣàn. Tí ẹ bá tún da iyọ̀ kún un lẹ́yìn ìyẹn, ọṣẹ lè dà bí omi ẹ̀kọ, kó sì pín sí ìpele méjì lọ́jọ́ kejì, èyí tó kún fún ọṣẹ lókè, omi iyọ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé ìdajì kílò nínú 25 lítà kò ju ìdá 2 nínú 100 lọ, báwo ni ìdajì sí i ṣe wá pọ̀ jù? Mo fẹ́ kí ẹ tún àkọsílẹ̀ yín wò. Kí ẹ tó tú ọ̀rá iyọ̀ rárá, ẹ ti da iyọ̀ sínú dúróòmù náà lẹ́ẹ̀mejì. Sódà áàṣì ní sódíọ̀mù. STPP ní sódíọ̀mù. Agbo ọṣẹ kò bìkítà bóyá láti ọjà Bódìjà ni sódíọ̀mù ti wá tàbí láti ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míkà. Alárinà ni alárinà. Kọ́sítíìkì 125 gíráàmù yín tó sulphonic acid kílò kan, torí èyí tó bá jẹ́ ìdá 96 nínú 100 kì í gbà ju nǹkan bí 120 sí 130 gíráàmù lọ. Kò sí oró kankan tó ṣẹ́ kù tí sódà áàṣì fẹ́ pa; gbogbo rẹ̀ ló dúró sínú omi gẹ́gẹ́ bí iyọ̀. Tí a bá fi sódíọ̀mù nìkan ṣírò, sódà áàṣì 500 gíráàmù dọ́gba pẹ̀lú nǹkan bí 550 gíráàmù iyọ̀ ìsebẹ̀. STPP 250 gíráàmù dọ́gba pẹ̀lú nǹkan bí 200. Ó di 750. Ìdá 3 nínú 100 nìyẹn kí iyọ̀ gan-an tó wọlé! Pẹ̀lú ìdajì kílò àkọ́kọ́, ẹ ti dé ìdá 5. Pẹ̀lú ìdajì kejì, ìdá 7. Ìṣirò ìfojúbù ni èyí o, torí sódíọ̀mù ti sódà áàṣì àti ti iyọ̀ kì í ṣiṣẹ́ bákan náà gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ó tó láti fi hàn yín ìdí tí òkè yín fi parí kíákíá bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ sọ èrò ara mi lórí sódà áàṣì yìí. Àwọn tó ń kọ́ni ní ọṣẹ pípò á ní ó ń mú ọṣẹ "lágbára". Ohun tí ojú wọn rí ni pé ọṣẹ ki sí i nígbà tí wọ́n dà á sí i, iṣẹ́ iyọ̀ ni wọ́n sì rí. Ìdajì kílò tó ṣẹ́ kù lófìfo nínú 25 lítà á mú kí ọṣẹ gbóná mọ́ ọwọ́ ẹni tó ń fọ àwo. Tí ẹ bá ní bébà pH lọ́wọ́, èyí tó ń fi hàn bí ásíìdì tàbí kọ́sítíìkì ṣe pọ̀ tó nínú nǹkan, ẹ fi wò ó: ọṣẹ ìfọ àwo kò yẹ kó fi bẹ́ẹ̀ kọjá 8 tàbí 9. Tèmi ni pé kí ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá, kí ẹ fi iyọ̀ lásán ṣe iṣẹ́ iyọ̀. Iyọ̀ kò wọ́n tó o, kì í sì í bó ọwọ́.

Omi tí ẹ fi ń pò ó náà ńkọ́? N'Íbàdàn ẹ lè máà rí i, ṣùgbọ́n oníbàárà mi kan wà ní etí òkun l'Ékòó tí ọṣẹ rẹ̀ kò dọ́gba rí, tó bá ki lóṣù yìí á ṣàn lóṣù tó ń bọ̀. Omi bọ́hóòlù rẹ̀ ló níyọ̀, torí omi òkun ń wọ inú ilẹ̀ lágbègbè náà. Àwọn omi mìíràn ní kálísíọ̀mù àti magnésíọ̀mù, àwọn yẹn le ju sódíọ̀mù lọ torí ìlọ́po méjì iná ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Wọ́n lè mú sulphonic yín dà bí wàrà. STPP ló ń dì wọ́n mú kúrò ní ọ̀nà, èyí nìdí gidi tó fi yẹ kí STPP díẹ̀ wà nínú ọṣẹ. Bí omi yín bá dára, 250 gíráàmù ti pọ̀ jù.

Àwọn ìyá wa àtijọ́ mọ ọ̀rọ̀ yìí láìsí ìwé. Eérú èèpo kòkó ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, eérú náà kún fún potásíọ̀mù, ọṣẹ rẹ̀ sì ń rọ̀ lọ́wọ́. Tí ẹ bá fi kọ́sítíìkì, tí í ṣe sódíọ̀mù, se àdín kan náà, ọṣẹ líle tí wọ́n ń gé ni ẹ ó rí. Ìrù kan náà, orí kan náà. Alárinà nìkan ló yí padà.

Ó kan lọ́fínńdà, tó ń ba ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ nínú jẹ́ ju iyọ̀ lọ, torí ìgbẹ̀yìn ni wọ́n máa ń dà á sí i, lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan ti dára. Lọ́fínńdà kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Àwọn òróró kan wà nínú rẹ̀ tí wọn kò ní orí rárá, irú èyí tó wà nínú èèpo ọsàn. Àárín agbo gan-an, níbi tí ìrù kó jọ sí, ni wọ́n ń wọ̀ lọ. Ikùn agbo á wú, ekòló tó wú bẹ́ẹ̀ á sì gé ara rẹ̀ sí agbo róbótó. Ìlẹ̀kẹ̀ tún ti bọ́ lórí okùn. Àwọn mìíràn ní orí kékeré kan, irú ohun tó ń mú òdòdó ta sánsán. Àwọn yẹn ń há ara wọn sáàárín àwọn orí, wọ́n sì lè mú ekòló gùn sí i bíi pé ẹ da iyọ̀ kún un. Ìyẹn dára bí ẹ bá ṣì wà ní ìdajì òkè. Bí ẹ bá ti wà ní téńté, wọ́n á tì yín sọ̀ sí òdìkejì. Ẹ̀kẹta ni ohun tí àwọn tó ń tà á fi là á: ọtí, propylene glycol, àti àwọn ẹbí wọn. Àwọn wọ̀nyí ń mú kí omi fara mọ́ ìrù díẹ̀, agbo á sì tú sí kéékèèké. Èyí tó ṣe tiyín, n kò lè wo kẹ́ẹ̀gì láti ibi tí mo wà kí n sọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé lọ́fínńdà tí ẹ bá rà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn lọ́la, bó tilẹ̀ jẹ́ òórùn kan náà, ó lè mú ọṣẹ hùwà lọ́nà mìíràn.

Àwọn tó ń wa epo rọ̀bì tilẹ̀ sọ àléébù yìí di àǹfààní. Wọ́n ń fi omi tó ní irú ekòló yìí gbé iyanrìn wọ inú àpáta tí wọ́n fẹ́ là, torí iyanrìn kò lè rì nínú omi tó ki. Nígbà tí omi náà bá pàdé epo nínú àpáta, ekòló á tú, omi á ṣàn jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, iyanrìn á dúró sẹ́yìn láti gbé ojú àpáta ró. Ohun tó pa ọṣẹ yín gan-an ni wọ́n ń sanwó fún.

Nítorí náà, lọ́fínńdà àti àwọ̀ gbọ́dọ̀ wọlé kí iyọ̀ tó wọlé. Iyọ̀ ló ń kẹ́yìn. Mo mọ̀ pé òdìkejì ni wọ́n kọ́ yín.

Ooru náà ń ṣe tirẹ̀. Ògì ń ki lórí iná. Ọṣẹ ń ṣàn. Bí omi bá ṣe gbóná tó ni ekòló ń kúrú tó, torí náà ọṣẹ tí ẹ pò ní ọ̀sán oṣù kẹta tí kò ki lè dà bí jẹ́lì tí ẹ bá padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní àárọ̀ kùtù. Kọ́sítíìkì àti sulphonic acid náà máa ń mú omi gbóná nígbà tí wọ́n bá pàdé. Ẹ má ṣe dá ọṣẹ tó gbóná lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kó tutù, kí ìfófòó rẹ̀ sì rọlẹ̀, kí ẹ tó sọ pé kò ki, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó máa da iyọ̀ lé iyọ̀ lásán.

Mo gbà pé ẹ ti rí i pẹ̀lú Texapon fúnra rẹ̀ pé bí ẹ bá bu omi díẹ̀ lé e, ńṣe ló ń le sí i, á sì di kókó tó ń fò nínú ọṣẹ bí ẹyin ẹja. Ìtò agbo náà ni. Nínú ike, ìdá 70 nínú 100 rẹ̀ ni ọṣẹ, àwọn agbo tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní tó wà lórí ẹní, ẹní sì ń yọ̀ lórí ẹní, ìdí nìyẹn tó fi ṣeé bù. Nígbà tí omi bá là á dé àárín, ó di ọ̀pá gbọọrọ tí wọ́n tò pọ̀ bí igi ìdáná nínú ìdì, ìyẹn kì í yọ̀ lórí ara wọn, ó sì le ju ti inú ike lọ. Ẹ má bu omi sí Texapon. Texapon ni kí ẹ bù sínú omi púpọ̀, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì bí àyè bá wà.

Nitrosol kò sí nínú ọ̀rọ̀ agbo rárá. Okùn tí ilé iṣẹ́ ti ṣe tán ni, láti ara igi tàbí òwú. Iyọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú, lọ́fínńdà náà kì í tú u. Ẹ lè fi díẹ̀ ti iyọ̀ lẹ́yìn bí owó bá wà. Àmọ́ kòkòrò àìrí ń jẹ ẹ́. Bí ọṣẹ yín bá ki fún ọ̀sẹ̀ méjì tó wá ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú òórùn kíkan, ẹ má wá ẹ̀bi iyọ̀. Nǹkan ti ń jẹ okùn Nitrosol nínú ike. Èyí tí iyọ̀ bá bà jẹ́, ojú ẹsẹ̀ ni ẹ ó rí i.

Ẹ wá gbọ́ bí ẹ ó ṣe rí téńté òkè tiyín. Ẹ po ọṣẹ yín láìsí iyọ̀ àti láìsí sódà áàṣì, kí omi rẹ̀ dín díẹ̀, kó jẹ́ 22.5 lítà dípò 25. Ẹ da lọ́fínńdà àti àwọ̀ sí i. Nígbà tó bá tutù, ẹ wá kọ́ọ̀bù mẹ́fà, ẹ bu 90 mílílítà sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ́ iyọ̀ 25 gíráàmù sínú omi kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 100 mílílítà. Ẹ fi síríńjì fa omi iyọ̀ yìí: kọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ kò gba nǹkan kan, èkejì gba mílílítà 2, ẹ̀kẹta 4, ẹ̀kẹrin 6, ẹ̀karùn-ún 8, ẹ̀kẹfà 10. Kí ẹ wá fi omi lásán kún ọ̀kọ̀ọ̀kan débi tí gbogbo wọn á ti gba 10 mílílítà, kó má baà jẹ́ pé ọ̀kan là ju èkejì lọ. Ẹ rò ó jẹ́jẹ́, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ẹ lu ihò kan sí ìdérí ìgò omi, ẹ gé ìdí ìgò náà, ẹ da ọṣẹ kọ̀ọ̀kan gba ibẹ̀, kí ẹ sì fi fóònù ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó gbà kó tó ṣàn tán. Iye yẹn á máa gòkè láti kọ́ọ̀bù dé kọ́ọ̀bù, á dé ibì kan, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Bó bá ṣì ń gòkè ní ẹ̀kẹfà, ẹ tẹ̀ síwájú pẹ̀lú omi iyọ̀ tó nípọn díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í yọ́ ju nǹkan bí 36 gíráàmù lọ nínú 100 gíráàmù omi.

Fún 25 lítà, kọ́ọ̀bù kejì túmọ̀ sí iyọ̀ 125 gíráàmù, ẹ̀kẹta 250, ẹ̀kẹrin 375, ẹ̀karùn-ún 500, ẹ̀kẹfà 625. Ẹ má mú èyí tó ga jù. Ẹ mú èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó dúró sí téńté, ìtì díẹ̀ báyìí, lọ́fínńdà tuntun tàbí Texapon ọjà mìíràn, á tì í ṣubú. Ẹni tó dúró ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ ṣì ní àyè. Bí ẹ bá gba ti gbogbo kọ́ọ̀bù tí kò sí èyí tó ki tó bí ẹ ṣe fẹ́, ọṣẹ inú omi ló kéré. Nínú àkọsílẹ̀ yín, ohun tó jẹ́ ọṣẹ gan-an kò pé ìdá 8 nínú 100, okùn kò sì lè lọ́ mọ́ra bí kò bá pọ̀ tó láti lọ́. Betaine díẹ̀, ohun mìíràn tó ń mú ọṣẹ hó, tó ní iná méjèèjì lára, á ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀ ju iyọ̀ lọ, torí ó ń jókòó sáàárín àwọn orí fúnra rẹ̀. Ẹ kàn rántí pé iyọ̀ ti wà nínú òun náà láti ilé iṣẹ́.

Dúróòmù tó di omi yẹn wá kù. Iyọ̀ inú rẹ̀ ló pọ̀ jù, ẹ kò lè yọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n ẹ lè pín in. Ẹ po 25 lítà tuntun tí kò ní iyọ̀, kò ní sódà áàṣì, kò ní STPP. Ẹ bu lítà kan nínú èyí, lítà kan nínú èyí tó bàjẹ́, ẹ pò wọ́n pọ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Ohun tó dọ́gba pẹ̀lú iyọ̀ inú rẹ̀ á ti já sí nǹkan bí ìdá 3 àtààbọ̀ nínú 100, ìyẹn sì wà ní ìhà tí ẹ fẹ́, níbi tí òkè ṣì ń gòkè. Bí kò bá tíì ki tó, omi iyọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti inú síríńjì, kì í ṣe ìdajì kílò. Nígbà tí ti inú bọ́kẹ́ẹ̀tì bá dára, kí ẹ tó wá da dúróòmù pọ̀. Èyí tí lọ́fínńdà mú ṣàn, ẹ ṣe é lọ́tọ̀: ẹ bu sínú kọ́ọ̀bù méjì, ẹ fi omi iyọ̀ sí ọ̀kan, ẹ fi omi lásán bí ìwọ̀n kan náà sí èkejì. Èyí tó bá ki nínú méjèèjì ló máa sọ ìhà òkè tó wà fún yín.